Ọjọ́ Márùn-ún Tí Mo Fi Sá Pamọ́ sí Akúrẹ́

Ẹni tó bá ń ránṣọ ní Èkó á mọ ohun tí oṣù Kejìlá máa ń fojú wa rí. Lọ́dún 2023, aṣọ ẹbí ọ̀nà mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí aṣọ Kérésì àwọn ọmọ àdúgbò. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ń sùn. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, mo lọ sí ilé olóògùn tó wà ní ìkángun òpópó wa ní Muṣin láti ra òògùn ẹ̀fọ́rí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ná. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló bá yín wá?" 170 lórí 105. Ibẹ̀ ni mo gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà tó fún mi ní òògùn, tó sì ní kí n lọ sinmi. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ń ta ìsinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òògùn, kí n kàn ní kí wọ́n bá mi dì í pọ̀.

Ta ló fẹ́ sinmi ní Muṣin? Àwọn oníbàárà mi mọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ ilé, àwọn mìíràn mọ fèrèsé yàrá mi láti ìta. Akúrẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti bá ìyàwó kan gbé aṣọ lọ síbẹ̀ rí, a sì sun oorun ọjọ́ méjì ní Alágbàká. Ohun tí mo rántí ni pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìró kòkòrò inú koríko lèèyàn ń gbọ́. Láti 1976 ni ìlú yẹn ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ṣíwọ́, ilé ni kálukú ń lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí níbẹ̀.

Bàbá Dàmọ́lá, ọkọ mi, ló rán mi létí. Ó ní, "Màmá Òkè-Àró ńkọ́?"

Màmá Òkè-Àró ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, Akúrẹ́ níbẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọn ò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àlejò ni mo di nìyẹn. Wọ́n á mú mi lọ kí ará ilé yìí, ará ilé yẹn á wá kí mi, màá sì máa kúnlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo bẹ ọkọ mi kó má sọ fún wọn. Ó ní òun ò ní sọ, ṣùgbọ́n kí n má sọ pé òun ò kìlọ̀ fún mi o.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbéra, ìyẹn sì ni àṣìṣe tó ṣáájú. Mo rò pé Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Ajé ló dára, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ìlú Yorùbá èyíkéyìí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ la máa ń sìnkú, òun la fi ń gbéyàwó, òun náà la fi ń ṣílé. Èmi tí mo ń rán aṣọ òde jẹun, ó yẹ kí n ti mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mo ti fẹ́ jáde láago méje àárọ̀, àmọ́ oníbàárà kan dé pẹ̀lú gáùn tí ọwọ́ rẹ̀ fún un jù. Mo jókòó tú u. Aago mọ́kànlá kọjá kí n tó dé gáréèjì, ọkọ̀ náà sì tún dúró kún. A rìn ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí a fi bọ́ lọ́nà Ìbàdàn, a gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà. Ìgbà tí a fi máa kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, oòrùn ti wọ̀, ọyẹ́ sì ti bo gbogbo òkè tí mo ti ń retí láti wò. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo sọ̀ ní Akúrẹ́. Mo wọ takisí kan, mo sọ òpópó tí mò ń lọ, mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì mi. Awakọ̀ náà ò gbé ẹlòmíràn. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́kàn pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí a dé, ó ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Mo ní báwo? Ó ní, "Dírọ́ọ̀pù ni ẹ wọ̀ ná, Mà." Bí o ò bá là á kó tó gbéra pé kó máa gbé èrò, ìwọ nìkan lo ni ọkọ̀ yẹn o, ìwọ náà lo sì máa san owó àga mẹ́rin.

Lórí fóònù ni mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì náà. Àwòrán rẹ̀ dára: bẹ́ẹ̀dì funfun, kọ́tìnì tí wọ́n rán pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ (mo wo etí rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni). Nítorí kọ́tìnì, mo san owó alẹ́ mẹ́rin pọ̀ kí n tó kúrò nílé. Mi ò béèrè ohunkóhun. Ọmọkùnrin tó gba orúkọ mi wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni, Mà? Àbí ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn?" Mo ní èmi nìkan ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn, ó bi mí léraléra bóyá àlejò mi máa dé. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó dá wá sí òtẹ́ẹ̀lì, tí kò ní ìpàdé, tí kò ní òde, kò yé wọn. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé dókítà ló ní kí n wá sinmi, wọ́n sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ká ní mo ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Aago méjìlá òru ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn ò dùn mí, nítorí ọyẹ́ ti mú kí òru tutù. Ohun tó dùn mí ni ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ọgbà òtẹ́ẹ̀lì náà ni gbọ̀ngàn òde kan wà, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Láti aago méje alẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àìsùn òkú. Ìlù, gìtá, makirofóònù tó ń hu bí ajá, orúkọ gbogbo ọmọ olóògbé, ti àwọn àna, ti ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Mo fi ìrọ̀rí di etí. Mo tún fi aṣọ ìlékè mi wé e. Ní aago mẹ́ta òru, mo ti mọ orin ìdílé wọn sórí. Ilẹ̀ mọ́, mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo àwọn tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí àwọ̀ osùn, mo sì ń ka iye ọrùn aṣọ tí wọ́n gé ga jù. Mọ́kànlá. Ìsinmi mi nìyẹn.

Èmi fúnra mi náà ò sinmi, ká sọ òótọ́. Kí n tó kúrò ní Èkó ni mo ti kọ ètò sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà: Àbámẹ́ta, Ìdànrè, Àìkú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, Ajé, odò gbígbóná Ìkógòsì ní Èkìtì, kí n ti ibẹ̀ máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń to aṣọ jíjáde ni mo ṣe to ìsinmi. Kò sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tí mo kọ "sùn" sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ojú tí kò fojú kan oorun, mo gba ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè. Kò jìnnà sí Akúrẹ́ rárá. Àwọn òkúta ńlá yẹn, bí èèyàn bá kọ́kọ́ rí wọn, á fẹ́ rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni wà níwájú àgbà. Láti 2007 ni wọ́n ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO ń gbé yẹ̀ wò láti kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ gun òkè náà lé ní ẹgbẹ̀ta. Mo san owó, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tì mí tó máa ń mú àlejò gòkè, a bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ fún mi nípa ààfin àtijọ́ tó wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti Ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá mu. Mo ń gbọ́, mo ń mí. Nígbà tí a dé ibi ìsinmi kejì, àyà mi ń lù débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú eyín mi. Mo tọ́wọ́ bọ báàgì láti mú òògùn. Orí tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí.

Ọmọ yẹn jókòó tì mí, ó yọ fìlà rẹ̀, ó ń fi fẹ́ mi. Ó ní, "Màmá, òkè yìí ti wà kí wọ́n tó bí yín. Kò ní lọ síbì kankan." A jókòó fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Mo rí ìlú nísàlẹ̀ nínú ọyẹ́, páànù tó ti dípata, èéfín ìdáná tó ń dìde tààrà nítorí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ń gún nǹkan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìró odó náà ń gòkè wá bá wa lẹ́yìn tí ọmọ orí odó ti gòkè padà. Mi ò dé òkè. Mi ò rí Ẹsẹ̀ Agbóògùn. Àmọ́ wákàtí yẹn ni ìsinmi tí mo kọ́kọ́ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò sì kọ ọ́ sínú ètò.

Nígbà tí mo padà dé, mo ya ewé yẹn kúrò nínú ìwé. Ọ̀wọ̀ di ìgbà mìíràn, Ìkógòsì náà.

Ti ọjọ́ Àìkú ò gba àlàyé. Gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, olóúnjẹ tó wà nítòsí mi sì ti ìlẹ̀kùn. Èmi tí mo ti ń retí iyán, búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni mo jẹ títí di ọ̀sán. Bí o bá máa dá wà, ra nǹkan sílẹ̀ láti alẹ́ Àbámẹ́ta, kí o sì ní owó lọ́wọ́, nítorí oní-POS náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé ló kù tí mo máa padà. Mo ní kí n yà sí Ọjà Ọba láàárọ̀, kí n ra èlùbọ́ díẹ̀ àti ẹ̀gúsí lọ sílé. Ọjà náà wà láàárín ìlú gan-an, níwájú ààfin Déjì. Mo ń ná ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ìyá Dàmọ́lá kọ́ rèé?"

Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀, láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì. Màmá Òkè-Àró ni, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn tó gbé agbọ̀n. Wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí léèrè ọkọ mi, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ, wọ́n wá ní, "Ìgbà wo lo dé?"

Mo ní, "Àárọ̀ yìí ni, Mà. Mo ní kí n ra nǹkan díẹ̀ kí n tó wá kí yín."

Wọ́n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Mo tẹ̀lé ojú wọn, mo rí ẹsẹ̀ mi. Sílípáàsì òtẹ́ẹ̀lì ni mo wọ̀ jáde, rọ́bà funfun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ 14 sí lára, kí wọ́n má baà jí i.

Wọ́n ní, "Máa bọ̀ nílé."

Nínú ọkọ̀, ọmọ-ọmọ wọn, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ni ìyàwó wa t'Èkó?" Inú bí mi. Mo ń rò ó lọ́kàn pé nítorí sílípáàsì yìí ni ọmọ kékeré fi ń pè mí ní ìwọ. Ìgbà tó yá ni Màmá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní nínú èdè tiwọn níbẹ̀, ìwọ ni ìwọ, bí o dàgbà bí o kéré. Ìkúnlẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Bó o bá lọ sí apá ibẹ̀, tí ọmọdé bá pè ọ́ ní ìwọ, má bínú kí o tó wo orúnkún rẹ̀.

Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ni ọkọ rẹ ṣe fún ọ?"

Wọ́n rò pé mo ti kó kúrò nílé ni. Mo bú sẹ́kún, èyí tí kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, nítorí fóònù ni wọ́n mú, wọ́n pe Bàbá Dàmọ́lá, wọ́n sì ti bá a wí dé ìdajì kó tó ráyè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n wò mí títí. "Òtẹ́ẹ̀lì," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo ṣì wà láyé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àìsùn ọjọ́ Ẹtì lọ. Mo ti rò pé òmìnira ni mò ń wá. Mi ò ro ohun tí àdúgbò máa sọ fún wọn bí ẹnì kan bá rí mi pé ìyàwó ilé wọn ń sun òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì mọ̀. Ìtìjú wọn ni mo fi ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mi ò rí.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ pé ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á máa mú mi káàkiri. Wọ́n ní, "O ò ṣe wí bẹ́ẹ̀? Mo kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì, ta ló fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó mi?" Wọ́n mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn tó dojú kọ igi ọsàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo sùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu géètì láti inú oorun, wọ́n ń sọ fún ẹnì kan pé, "Ó ń sùn. Ẹ máa bọ̀ lọ́la." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ tipẹ́ kí n tó lajú. Wọ́n ti ránṣẹ́ lọ kó báàgì mi.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà nílé yẹn, ìlẹ̀kùn ò sì dí orin. Àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí mọ́ pé ẹnì kan máa rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo tan fóònù mi. Mo ti pa á láti Ọjọ́bọ̀, mo sì ti ní ìyẹn ló gbọ́n jù nínú ohun tí mo ṣe. Ìyà tí mo fi jẹ ọmọṣẹ́ mi ò kéré. Mi ò sọ fún oníbàárà kankan pé mò ń rìnrìn àjò. Ọ̀kan tó ti san owó aṣọ ìsìnkú ṣáájú wá lẹ́ẹ̀mejì, kò bá mi, ó pè, kò wọlé. Ó mú ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n ní mo ti kó owó sá lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló dúró níwájú wọn tó ń sunkún. Aṣọ náà ti parí. Ó wà nínú ọ̀rá lókè, ṣùgbọ́n mi ò kọ orúkọ sí i, ọmọ náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kìíní 2025, mo tún lọ. Ní oṣù Kọkànlá ni mo ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé a ò ní ṣí ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìíní. Mo kọ orúkọ sí gbogbo ọ̀rá. Mo fi fóònù iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ mi, mo mú ti ilé nìkan dání, mo sì ní kó pè mí láago méje alẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá wà.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni mo mú. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ìjàpọ̀, mo sì béèrè: kí ló wà lẹ́yìn ògiri yín? Obìnrin tó gbé e sétí rẹ́rìn-ín. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ ni. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, mo béèrè bóyá bọ́họ́ọ̀lù ni omi wọn àbí wọ́n ń rà á, nítorí nínú ọyẹ́ kànga máa ń gbẹ. Alẹ́ kan ni mo san ṣáájú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo fi Muṣin sílẹ̀, ojúmọmọ ni mo sì dé.

Ìpè tó le jù ni èyí tí mo pe Màmá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo ní, "Mà, mò ń bọ̀ wá sinmi. Ọ̀dọ̀ yín ni màá kọ́kọ́ yà, ọ̀dọ̀ yín ni màá ti máa jẹ alẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa sùn níta, nítorí àdúrà aago márùn-ún yẹn."

Wọ́n dákẹ́. Mo wo fóònù bóyá ó já. Wọ́n wá ní, "Iyán ọjọ́ wo ni kí n gún?"

Mo gbé búrẹ́dì lọ, mo gbé bùbá tí mo rán fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀. Ojú ni mo fi wọn wọ́n láti ọdún tó kọjá, wọn ò sì jẹ́ kí n gé e, wọ́n ní òtútù ń bẹ. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mi ò lọ síbì kankan. Mò ń rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, mò ń sùn lọ́sàn-án, mò ń lo òògùn mi. Ní ìrọ̀lẹ́, a ń bó ẹ̀gúsí. Màmá lè bó ẹ̀gúsí fún wákàtí kan láìsọ ọ̀rọ̀. Ìgbà kan tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi já, tó fọ́n sínú abọ́, ni wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àkún ṣe rẹ́ mọ́ Aṣọdẹ́bóyèdé, ẹni tó tẹ Akúrẹ́ dó, lọ́rùn nígbà tó ń ṣọdẹ bọ̀ láti Ifẹ̀, ló fi dúró síbi tó dé. "Àkún rẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún dákẹ́. A ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ kúrò nínú ẹ̀gúsí.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n sùn lọ lórí àga. Mo rọra gbé abọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo sọ fún ọmọ pé kó tìlẹ̀kùn. Mo rìn jáde sí títì. Takisí kan dúró. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó wọlé, mo ní, "Apá Ìjàpọ̀. Kì í ṣe dírọ́ọ̀pù o. Máa gbé èrò."